Owó Òṣìṣẹ́ Tó Há Sọ́wọ́ Ọ̀gá: Ṣé Dídá A Padà Nìkan Tó?

Bí ọ̀gá kan bá ń yọ owó ìfẹ̀yìntì kúrò nínú owó oṣù òṣìṣẹ́ rẹ̀, tí kò fi í ránṣẹ́ síbi tó yẹ, tó wá jí gìrì lẹ́yìn ọdún kan, kí ni ó jẹ òṣìṣẹ́ náà? Ṣé iye tó yọ náà ni, àbí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo òfin. Òfin owó ìfẹ̀yìntì tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ dá náírà 8, ó kéré tán, nínú 100, kí ọ̀gá rẹ̀ sì fi náírà 10 tì í. Kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ iṣẹ́ 7 tí owó oṣù bá ti jáde kí owó méjèèjì tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀. Ọ̀gá tó bá kùnà yóò san ìtanràn tí kò dín ní náírà 2 lórí 100 fún oṣù kọ̀ọ̀kan, àpò ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ náà ni ìtanràn ọ̀hún sì ń wọ̀. Ẹni tí a ń ṣírò tirẹ̀ lórí 100,000 náírà lóṣù, 18,000 ló yẹ kó máa wọ àpò rẹ̀. Bí ọdún kan bá lọ láìsan án, ó di 216,000 náírà.

Ọ̀gá mìíràn á ní: "N kò jalè. Ọjà ni kò tà, mo fi san owó ilé." Ẹ̀yin ará, náírà 8 tó yọ yẹn kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Àmánà ni, Al-Ƙur'ān sì pa á láṣẹ fún wa pé kí á dá àmánà padà fún olówó rẹ̀. Náírà 10 tó kù, gbèsè ni. Bí kò bá tilẹ̀ yọ nǹkan kan lára owó oṣù, gbèsè tirẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Èrè tí owó náà ì bá ti pa ńkọ́? Ẹ rántí hàdíìsì àwọn mẹ́ta tí àpáta dí mọ́ inú ihò. Ọ̀kan nínú wọn gba alágbàṣe, ọ̀kan lára àwọn alágbàṣe náà sì lọ láìgba owó iṣẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin yìí fi owó náà ṣòwò títí ó fi di ràkúnmí, màlúù àti àgùntàn. Nígbà tí alágbàṣe padà dé, owó iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ló béèrè, ṣùgbọ́n gbogbo agbo ẹran náà ni ọ̀gá kó fún un.

Àwọn onímọ̀ kan ní inú rere ni ọkùnrin náà ṣe, kì í ṣe dandan. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n alágbàṣe yẹn ló fọwọ́ ara rẹ̀ fi owó sílẹ̀, òṣìṣẹ́ tiwa kò fi sílẹ̀, wọ́n fi dù ú ni. Bí ẹni tí kò ṣẹ̀ bá dá èrè padà, ẹni tó ṣẹ̀ ńkọ́?

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé èlé ni ìtanràn náà. Lójú tèmi, òṣìṣẹ́ kò yá ẹnikẹ́ni lówó, kò sì bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn èlé. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, kí ó mú iye tí owó rẹ̀ ì bá ti jèrè, kí ó fi ìyókù tọrẹ. Láti ọdún 2021 pàápàá, àpò ìfẹ̀yìntì tí kì í fi owó sínú òwò elélèé ti wà fún ẹni tó bá fẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ máa béèrè àkọsílẹ̀ àpò yín lóòrèkóòrè, ẹ má dúró di ọjọ́ ìfẹ̀yìntì. Ẹ̀yin ọ̀gá, ìrònúpìwàdà lórí ẹ̀tọ́ ènìyàn kò pé pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ nìkan. Ẹ san owó, ẹ san èrè rẹ̀, kí ẹ tó wá tọrọ àforíjì. Arúgbó kò lè padà lọ ṣiṣẹ́ ọdún tó ti kọjá.

Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí á gbé ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn lọ sí ọ̀run. Àmín.