Ọkọ̀ Tí Kò Gbé Ẹnikẹ́ni

Púpọ̀ nínú yín ni ó rántí mọ́tò agolo. Nígbà tí a wà ní ọmọdé, a máa ń wá agolo sadíìnì tí ó ti ṣófo, a ó fi ìṣó lu ihò sí i, a ó fi ìdérí ìgò ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀, a ó so okùn mọ́ ọn nímú, a ó sì máa wọ́ ọ kiri àdúgbò bí ẹni pé Ìbàdàn ni a ti ń bọ̀ tí a ń lọ sí Èkó. Àwọn àgbà a rẹ́rìn-ín, wọn a ní, “Eré ọmọdé ni.” Bí a sì ti ń dàgbà, a fi mọ́tò agolo sílẹ̀ fún àwọn àbúrò wa.

Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní àwọn ilẹ̀ mìíràn, àwọn àgbàlagbà wà tí kò fi irú iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin kéékèèké ni wọ́n ń kọ́, tí wọ́n sì ń kó jọ. Àwọn kan nínú wọn kò tilẹ̀ fẹ́ ṣe ọkọ̀ mìíràn bí kò ṣe ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, irú èyí tí ń gba abẹ́ ìlú Lọ́ńdọ̀nù kọjá. Ní alẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, wọn a jókòó ti ọ̀bẹ mímú, gọ́ọ̀mù, ọ̀dà pupa àti búrọ́ọ̀ṣì tí kò nípọn ju okùn ìránṣọ lọ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ alẹ́ ni yóò kọjá kí ọkọ̀ kan tó parí. Nígbà tí ó bá sì parí tán, kò lè gbé ènìyàn kan ṣoṣo dé ibi kankan.

Ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀ràn yìí wò lónìí. Kì í ṣe láti fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, nítorí ìbéèrè tí ó wà nínú rẹ̀ kan gbogbo wa. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí àgbàlagbà máa ná àkókò àti owó rẹ̀ sórí ohun kékeré tí kò ní ìwúlò tí a lè tọ́ka sí? Bí ó bá sì tọ́, níbo ni ààlà rẹ̀ wà?

Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń farawé. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kìn-ín-ní ọdún 1863 ni ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ àkọ́kọ́ ní gbogbo àgbáyé bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò ní Lọ́ńdọ̀nù, láti Paddington títí dé Farringdon. Àwọn òṣìṣẹ́ gbẹ́ ojú títì sílẹ̀, wọ́n tẹ́ ojú irin sí ìsàlẹ̀, wọ́n fi bíríkì mọ òrùlé lé e lórí, wọ́n sì tún da títì bò ó. Ọkọ̀ tí ń jó èédú ni wọ́n lò nígbà náà, èéfín sì kún inú ihò. Ní ọdún 1890 ni wọ́n ṣí ọ̀nà mìíràn láti Stockwell lọ sí àárín ìlú. Èyí jìn gan-an nínú ilẹ̀, inú ihò róbótó tí a fi irin tẹ́ yíká ni ó ń gbà, iná mànàmáná ni ó sì ń wa ọkọ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ènìyàn ti ń wọlé sínú ilẹ̀ ní òwúrọ̀, tí ó ń jáde ní ibòmíràn, tí kì í sì í bi ara rẹ̀ léèrè pé, ta ni ó gbẹ́ ihò yìí?

Nísinsìnyí, ẹ wo ohun tí oníṣẹ́ kékeré náà ń ṣe. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni èyí tí wọ́n ń pè ní OO. Nínú ìwọ̀n yìí, ẹsẹ̀ bàtà kan lára ọkọ̀ gidi di mìlímítà 4 lára ọkọ̀ kékeré. Ẹ jẹ́ kí a mú ọkọ̀ pupa tí wọ́n ṣe fún abẹ́ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1938. Kọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan gùn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 52. Nínú ìwọ̀n OO, kò ju sẹ̀ǹtímítà 21 lọ. Kọ́ọ̀ṣì 7 tí a so pọ̀ yóò gùn tó nǹkan bí mítà kan àtààbọ̀, kò sì ní gùn ju tábìlì ìjẹun lọ. Lórí ìwọ̀nba gígùn yìí ni ó ti gbọ́dọ̀ ṣe fèrèsé, ilẹ̀kùn, ìjókòó, àti ọ̀pá tí èrò ń dì mú.

Ìṣòro kan tún wà tí ẹni tí ń kọ́ ọkọ̀ orí ilẹ̀ kò ní. Ohun tí ń rìn ní abẹ́ ilẹ̀, ta ni yóò rí i? Bí ó bá fi ilẹ̀ bò ó gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní òtítọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ti sọnù. Nítorí náà, àwọn kan a gé ilẹ̀ náà sí méjì bí ẹni gé búrẹ́dì, kí a lè rí títì àti ilé ìtajà ní òkè, àtẹ̀gùn tí ń gbé èrò sọ̀ ní àárín, àti ọkọ̀ pẹ̀lú pèpéle èrò ní ìsàlẹ̀. Àwọn mìíràn a yan ibi tí ọkọ̀ gbé ń jáde láti inú ihò bọ́ sí gbangba, nítorí pé èyí tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ nínú gbogbo ọ̀nà náà ní Lọ́ńdọ̀nù kò tó ìdajì.

Níhìn-ín ni mo ti rí ìdáhùn àkọ́kọ́. Ẹni tí ó gé ilẹ̀ ní méjì láti fi ohun tí ó wà nísàlẹ̀ hàn, ó ti ṣe ohun tí àwa èrò kì í ṣe. Ó ti wo ibi tí a kì í wò. Kí ọkọ̀ ọdún 1938 tó dé, yàrá kan wà lẹ́yìn awakọ̀ tí ó kún fún àwọn ohun èlò iná mànàmáná, èrò kò sì lè jókòó níbẹ̀. Àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ ọdún 1938 wá ọ̀nà, wọ́n kó ohun èlò wọ̀nyí lọ sí abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀, wọ́n sì fi àyè náà fún èrò. Ẹgbàágbèje ènìyàn ni ó jókòó lórí ọgbọ́n yìí fún àádọ́ta ọdún láìmọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé àwọn àpótí kéékèèké náà láti inú ike, tí ó lẹ̀ wọ́n mọ́ abẹ́ ọkọ̀ níkọ̀ọ̀kan, kò lè ṣàìmọ̀. Àwọn àgbà ní, ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ tí ó ń kọ́ wa láti mọ iye làálàá tí ó wà lábẹ́ ìrọ̀rùn wa kì í ṣe ìfàkókòṣòfò. Ọ̀nà kan láti dúpẹ́ ni.

Ìdáhùn kejì wá láti ara ojú irin fúnra rẹ̀. Ojú irin tí wọ́n ń lò nínú ìwọ̀n OO fẹ̀ ní mìlímítà 16.5. Bí a bá sì fi ìwọ̀n ṣírò ojú irin gidi, tí í ṣe ẹsẹ̀ bàtà 4 àti ínṣì 8 àtààbọ̀, ó yẹ kí ó tó mìlímítà 18.83. Ìdí rẹ̀ ni pé ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéré ní ara sí ti àwọn ilẹ̀ Yúróòpù yòókù. Ní ayé àtijọ́, ẹ̀rọ kékeré tí ó wà kò gba inú rẹ̀. Àwọn tí ń ṣe wọ́n bá mú ara ọkọ̀ tóbi sí i, wọ́n sì fi ojú irin sílẹ̀ bí ó ti wà. Bẹ́ẹ̀ ni ojú irin náà ṣe fi nǹkan bí ínṣì 7 dín sí ti òtítọ́ títí di òní.

Àwọn kan kò lè fara mọ́ àṣìṣe yìí, wọ́n sì ń fi ọwọ́ ara wọn tẹ́ ojú irin tí ó pé mìlímítà 18.83. Àwọn tí ó pọ̀ jù mọ̀ pé ó dín, wọ́n gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Èwo ni ó tọ̀nà? Lójú tèmi, ọ̀tún kò jẹ̀bi, òsì kò jẹ̀bi. Ẹni tí ó mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti kù díẹ̀ káàtó, tí kò sì fi pa mọ́ fún ẹni tí ó bá bi í, kò purọ́. Ẹni tí ó léwu ni ẹni tí ó ti gbàgbé pé àfarawé ni ohun tí ó wà lórí tábìlì òun, tí ó wá ń fẹ́ràn rẹ̀ ju ayé gidi tí ó fi jọ lọ. Nínú ìlú kékeré rẹ̀, ọkọ̀ kì í pẹ́, èrò kì í jà, kò sí ẹni tí ń ṣàìsàn, kò sì sí ẹni tí ń béèrè owó oúnjẹ. Ó rọrùn láti jọba níbẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú wa dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń kó jọ. Ọkọ̀ kékeré tí a rà ní ilé ìtajà a máa wà nínú páálí rẹ̀. Àwọn tí ń rà á tí wọ́n sì ń tà á mọ̀ pé bí a kò bá ṣí páálí náà rí, owó rẹ̀ a máa ga ju ti èyí tí a ti lò lọ. Nítorí náà, àwọn kan a ra ọkọ̀, wọn a gbé e sórí pẹpẹ, wọn kì yóò sì fọwọ́ kàn án mọ́. Àwọn tí ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní àwíjàre. Wọ́n ní àwọn ń tọ́jú rẹ̀ fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn ni, nítorí ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, a kò sì gbọdọ̀ fojú tín-ín-rín rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ gidi náà. Ọkọ̀ ọdún 1938 ṣiṣẹ́ lábẹ́ Lọ́ńdọ̀nù títí di ọdún 1988. Ní ọdún 1989, wọ́n kó díẹ̀ nínú wọn lọ sí erékùṣù Wight, níbi tí wọ́n ti ń gbé èrò lẹ́bàá òkun títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021. London Transport Museum, ilé tí ń tọ́jú ohun àtijọ́ ti ìrìnnà ìlú náà, sì pa ọkọ̀ kan mọ́ nínú wọn, èyí tí wọ́n máa ń mú jáde ní àwọn ọjọ́ pàtàkì láti tún gbé ènìyàn. Bí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ fún àwọn ọmọ tí a kò tíì bí nígbà tí ó kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ìtọ́jú tòótọ́ nìyẹn. Ohun tí a tọ́jú ní ìlẹ̀kùn tí ó ṣeé ṣí. Ohun tí a kàn dì mú kò ní.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọkùnrin kan, kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa dáadáa. Ó ní yàrá kan nínú ilé rẹ̀, ibẹ̀ ni ìlú kékeré rẹ̀ wà. Ó ń fi gbogbo ọkàn kun ọ̀dà sí ilẹ̀kùn ọkọ̀ kan tí kò ju èékánná lọ. Ọmọ rẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Ọ̀nà méjì ni ó wà fún un. Ó lè wí pé, “Lọ, má wọlé, ìwọ yóò bà á jẹ́.” Ó sì lè wí pé, “Wọlé, rọra, wá di apá ibí yìí mú fún mi.” Bí ó bá wí ti ìkejì, ó ṣeé ṣe kí ọ̀dà ta sílẹ̀, kí fèrèsé kan sì wọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ náà yóò mọ bí a ti ń fi sùúrù ṣe nǹkan, yóò sì mọ pé bàbá òun fẹ́ràn òun ju ohun pupa tí ó wà lórí tábìlì lọ. Ọkọ̀ kan náà ni, ọ̀dà kan náà ni. Ilẹ̀kùn ni ó yàtọ̀.

Nítorí náà, èsì mi nìyí. Kò sí ohun tí ó burú nínú pé kí àgbàlagbà ṣe ohun kékeré tí kò gbé ẹnikẹ́ni, bí kò bá ti fi owó oúnjẹ ilé tàbí ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn ṣe é. Àǹfààní wà nínú rẹ̀, nítorí ojú tí ó ti kọ́ láti wo ohun kékeré lójú méjèèjì kì í yára fojú fo ènìyàn kékeré. Àmọ́ ọjọ́ tí ohun náà bá ti ilẹ̀kùn mọ́ aya, mọ́ ọmọ, mọ́ aládùúgbò, ọjọ́ náà ni olówó rẹ̀ di ẹrú rẹ̀.

Bóyá ẹnìkan nínú yín ń wí pé, “Èmi kò ní ọkọ̀ kékeré kankan, ọ̀rọ̀ yìí kò kàn mí.” Mo bẹ̀ yín, nígbà tí ẹ bá délé lónìí, ẹ wo inú kọ́bọ́ọ̀dù yín. Àwo tánganran wo ni ó wà níbẹ̀ tí àlejò kankan kò tíì fi jẹun rí? Aṣọ wo ni ó wà nínú àpótí tí ẹ ń fi pa mọ́ fún ọjọ́ kan tí kì í dé? Àwa náà ní páálí tí a kò tíì ṣí. Ẹ mú ọ̀kan jáde nínú wọn lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì fi ṣe ẹnìkan lálejò.