Ojú Ni Ọ̀rọ̀ Wà

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ènìyàn tí ó sì fún oníkálukú ní ojú tirẹ̀. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ pátá.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ìbéèrè kan dé ọ̀dọ̀ wa láti Ìlú Ọba. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa tí ó ń kàwé níbẹ̀ fi àwòrán ránṣẹ́ sí wa lórí fóònù. Tábìlì gbọọrọ kan ni, wọ́n ṣe òkè àti pápá sí orí rẹ̀, àwọn ọmọ ogun wínníwínní sì tò lọ lórí rẹ̀ bí èèrà. Ó ní, "Àáfà, eré tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ṣe nìyí. Èmi ni mo kun àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí lọ́dà. Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

A kò fẹ́ fi ìkánjú dáhùn. A ní kí ó kọ́kọ́ ṣàlàyé eré náà fún wa. Eré yìí ti pẹ́ láàárín àwọn òyìnbó. Ní ọdún 1824 ni ọ̀gá sójà kan ní Prussia, von Reisswitz, gbé irú rẹ̀ jáde láti fi kọ́ àwọn ológun lọ́gbọ́n ogun. Ní ọdún 1913, H. G. Wells, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé Little Wars, ó sì sọ níbẹ̀ pé ogun orí ilẹ̀ yàrá sàn púpọ̀ ju ogun gidi lọ. Ọdún tó tẹ̀lé e ni Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀.

Ogun Waterloo, ti ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 1815, ni ọmọ wa ń tò. Òjé ni wọ́n fi rọ àwọn ọmọ ogun náà. Wọn kò ga ju mílímítà 6 lọ, bí hóró ìrẹsì kan. Bí ènìyàn bá ní kí òun fara balẹ̀ kun wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọdún á yípo kí ogun tó pé. Nítorí náà wọ́n ní ọgbọ́n tí wọ́n fi ń yá a. Wọn a lẹ̀ wọ́n mọ́ igi pẹlẹbẹ, wọn a fín ọ̀dà dúdú sí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn èyí, àwọ̀ ni wọn yóò máa tọ̀, kì í ṣe ènìyàn. Wọn a kun ṣòkòtò gbogbo wọn tán, funfun fún Faransé, àwọ̀ eérú fún Gẹ̀ẹ́sì. Wọn a wá kun ẹ̀wù gbogbo wọn, búlúù fún ti ọ̀hún, pupa fún ti ìhín. Ojú? Ẹ̀kán ọ̀dà kan ṣoṣo, ó parí. Wọn a da ọ̀dà dúdú tí a fi omi là lé wọn lórí, kí ó ṣàn wọ inú kòtò ara wọn kí ó sì dà bí òjìji. Wọn a fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ra ibi tí ó yọ sókè kí ó lè tàn. Àsíá nìkan ni wọ́n ń fara balẹ̀ ṣe, nítorí òun ni ojú ń kọ́kọ́ lọ bá.

Ó ní òfin wọn ni pé, ohun tí a lè rí láti ẹsẹ̀ bàtà 3 ni kí a kùn. Ẹni tí ó bá ń kun ẹyinjú, àkókò ni ó ń fi ṣòfò. Alẹ́ mẹ́ta ni òun fi kun 200.

Ní ti Ṣàríà, ìkìlọ̀ lórí àwọn tí ń ṣe ère ohun ẹlẹ́mìí le púpọ̀. Ṣùgbọ́n ó wà nínú hádíìsì pé ìyá wa Àíṣà ní ọmọlangidi tí ó fi ń ṣeré, àti ẹṣin oníyẹ̀ẹ́ kan, Ànábì sì rí i, ó rẹ́rìn-ín. Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ púpọ̀ fi yọ̀ǹda ohun ìṣeré fún ọmọdé. Òun kì í ṣe ọmọdé mọ́, a kò lè sá sábẹ́ ìyẹn nìkan. Síbẹ̀, àwọn onímọ̀ kan ní ère tí kò ní ojú, imú àti ẹnu fúyẹ́ ju èyí tí ó pé lọ. A sọ fún un pé ìkánjú rẹ̀ ti gbà á díẹ̀. Kò gbọdọ̀ ta tẹ́tẹ́ níbẹ̀, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìrun kan kọjá lórí rẹ̀, kí ó sì ṣọ́ra fún dáìsì tí wọ́n ń dà, nítorí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kọ̀ ọ́ bí owó kò tilẹ̀ sí níbẹ̀.

Ó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àwa kò rí oorun sùn lóru ọjọ́ náà. Òfin yẹn ni kò kúrò lọ́kàn wa: kun fìlà, kun ẹ̀wù, fi ojú sílẹ̀. A ti rí ibi tí wọ́n ti lo òfin náà fún ènìyàn.

Ní oṣù keje ọdún 1999, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Ṣàgámù láàárín Yorùbá àti Haúsá. Kò pẹ́ tí ẹ̀san rẹ̀ fi dé Kánò. Ọmọ iṣẹ́ ni wá nínú ṣọ́ọ̀bù nígbà náà. Àwọn tí ó wọ àdúgbò wa kò béèrè orúkọ, wọn kò béèrè bóyá a mọ Fátíhà. Fìlà, ẹ̀wù àti ahọ́n ni wọ́n ń wò. A kò sì gbọdọ̀ purọ́ fún ara wa: ní Ṣàgámù, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ènìyàn wa ṣe sí Haúsá. Mùsùlùmí wà lápá méjèèjì. Bàbá Haúsá kan tí ń ta àlùbọ́sà, tí a máa ń kí láràárọ̀, ni ó dúró lẹ́nu ọ̀nà tí ó sọ gbólóhùn kan: "Na san shi." Mo mọ̀ ọ́n. Gbólóhùn yẹn ni Ọlọ́hun fi dá ẹ̀mí wa sí.

Ẹnìkan lè ní, ta ni ó lè mọ gbogbo ènìyàn lójú? Òótọ́ ni. Àwa ọlọ́jà náà ń wo aṣọ oníbàárà kí a tó dá iye lé ọjà. Àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní kéwú, a máa ń na gbogbo ìlà ẹ̀yìn nítorí ọ̀kan tí ó pariwo. Iṣẹ́ yíyá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí a ń yá ṣe ni kí a wò. Òjé kò ní ẹ̀mí. Bí a bá fi ojú rẹ̀ sílẹ̀, a kò rẹ́ ẹ jẹ. Ìdí kan náà tí ó fi fúyẹ́ lórí òjé ni ó fi wúwo lórí ọmọ Ádámọ̀.

Ọlọ́hun sọ nínú Àlùkùránì pé Òun ṣe wá ní orílẹ̀-èdè àti ẹ̀yà kí a lè mọ ara wa. Mímọ̀ kọjá kí a dá fìlà mọ̀. Nínú Súúrà An-Naml, èèrà kìlọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ogun Ànábì Sulaimọ́nù má baà tẹ̀ wọ́n pa láìmọ̀. Èèrà kò pe ogun náà ní ìkà. Àìmọ̀ wọn ni ó ń bẹ̀rù. Àwọn onímọ̀ kọ́ wa pé ẹni tí ó ṣe ère, a ó ní kí ó fi ẹ̀mí sí i lọ́jọ́ Àlùkìyáámọ̀, kò sì ní lè ṣe é. Àwa tí a mú ẹlẹ́mìí, tí a sọ ọ́ di ère, kí ni a ó ní kí a ṣe?

A ti ránṣẹ́ padà sí ọmọ wa: kí ó máa rántí pé ní Waterloo gidi, ó lé ní 40,000 ènìyàn tí ó kú tàbí tí ó fara gbọgbẹ́ láàárín ọjọ́ kan, oníkálukú wọn sì ní ẹyinjú méjì. Ẹ̀yin tí a jọ wà nílẹ̀ àjèjì yìí, ẹ jẹ́ kí a mọ orúkọ aládùúgbò wa àti ti àwọn ọmọ rẹ̀. Bí ọmọ wa bá ní "àwọn Gàmbàrí wọ̀nyí," ẹ bi í pé, "Èwo nínú wọn?" Ẹ má jẹ́ kí a dúró di ọjọ́ ìjà kí a tó wá ẹni tí yóò sọ pé òun mọ̀ wá. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà.

Kí Ọlọ́hun fi ìfẹ́ sáàárín àwa àti àwọn tí a bá nílẹ̀. Kí Ó má fi ogun, ńlá tàbí kékeré, dán wa wò. Àmín. Ọlọ́hun ni ó mọ̀ jù.