Ta Ni A Jà Lólè?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ bi yín, ẹ má sì tètè dá mi lóhùn. Bí ènìyàn bá fi owó ra máàkì fún ọmọ rẹ̀ nínú ìdánwò JAMB, ta gan-an ni ó jà lólè? Láti bí oṣù méjì ni mo ti ń bi àwọn ènìyàn kiri, ní ilé iṣẹ́, nínú mọ́tò, títí dé ibi ìsọmọlórúkọ kan ní Mọ́kọ́lá. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní ìjọba ni. Àwọn kan ní kò ja ẹnikẹ́ni lólè, ṣebí owó ara rẹ̀ ló ná. Ọkùnrin kan tilẹ̀ fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin oníwèé ìròyìn yìí, ẹ ò ní yé wá ìjàngbọ̀n!"

Kì í ṣe ìjàngbọ̀n ni mo ń wá. Ìyá kan tó ń ta àkàrà ní àdúgbò wa ní ọmọkùnrin kan tó ti ṣe ìdánwò yìí lẹ́ẹ̀mejì, tí máàkì rẹ̀ kò dé 200. Ẹnì kan wá bá a pé òun mọ sẹ́ńtà kan tí wọn yóò ti "ràn án lọ́wọ́". Àjọ ìyá yìí sì ti kù díẹ̀ kó kàn án. Ó wá bi mí bóyá kí òun kó o fún wọn. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "gbogbo ayé ló ń ṣe é. Ṣé tèmi nìkan ni yóò máa wo ẹgbẹ́ rẹ̀ níran?" Ẹ gbà mí gbọ́, kò rọrùn láti ṣe ìwàásù fún ẹni tó ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí lọ ẹ̀wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí JAMB jẹ́. Kí wọ́n tó dá a sílẹ̀ ní 1978, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń mú akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀. Ọmọ kan a gba àyè ní ibi méjì tàbí mẹ́ta, ibi kan ṣoṣo ni yóò lọ, àyè tó kù a wà níbẹ̀ lásán nígbà tí ọmọ ẹlòmíràn jókòó sílé. Ọ̀rọ̀ ìjókòó ni, ọ̀rọ̀ ìjókòó náà ló sì wà títí di òní. Ibí ni ó ti yàtọ̀ sí ti WAEC. Àwọn àgbà kò tíì gbàgbé ẹ̀kìsìpó ti 1977, nígbà tí ìbéèrè WAEC já síta. Irọ́ ni ẹni tó bá lò ó pa, nǹkan burúkú sì ni, ṣùgbọ́n bí ọmọ mi bá gba kírẹ́dìtì mẹ́sàn-án, kò ní kí ọmọ tiyín má gbà á. Omi odò ni, kálukú ló ń bu tirẹ̀. Ti JAMB kì í ṣe omi odò. Mọ́tò tó kẹ́yìn ní gáréèjì Ìwó Road ni, tí ilẹ̀ ti ṣú, tí gbogbo èrò ń lọ sí Èkó. Bí géńdé kan bá gba ojú fèrèsé wọlé, dírẹ́bà kò pàdánù kọ́bọ̀, yóò gba owó ọkọ̀ rẹ̀ pé. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìjọba ni wọ́n jà lólè, ìjọba ni dírẹ́bà yẹn. Ẹni tí wọ́n jà lólè ni ẹni tó ti tò láti ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n wá sọ fún un pé mọ́tò ti kún.

Ó sì ń kún lóòótọ́. Àwọn tó ṣe ìdánwò náà ní 2025 lé ní 1,900,000. Nínú èsì tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde, èyí tó ju 1,500,000 lọ nínú wọn kò gba 200 nínú 400, àwọn tó sì gba 320 sókè kò pé 5,000. Ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ dókítà, máàkì méjì péré lè fi í sílẹ̀ sẹ́yìn odi.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ bá mi jiyàn gidi. Ó ní, "Àwọn olówó ńkọ́? Lẹ́sìn tí wọ́n ń san owó rẹ̀, ṣé máàkì kọ́ ni wọ́n ń rà?" Kò parọ́. Ìbéèrè 180 ni ọmọ yóò dáhùn ní wákàtí méjì: 60 fún èdè Gẹ̀ẹ́sì, 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú iṣẹ́ mẹ́ta yòókù. Láti 2015 ni gbogbo rẹ̀ sì ti di ti orí kọ̀ǹpútà. Ọmọ tó ní kọ̀ǹpútà nílé ti fi ìbéèrè àtẹ̀yìnwá dánra wò títí ìka rẹ̀ fi mọ ọ̀nà. Ọmọ alákàrà, ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń san owó wákàtí ló ti kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. JAMB fúnra wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣètò rẹ̀ kí ẹni tí kò mọ mouse lò lè fi bọ́tìnnì mẹ́jọ péré ṣe é tán. Ó dára, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì mẹ́jọ kò lè dí gbogbo kòtò náà.

Síbẹ̀ n kò gbà pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Lẹ́sìn kì í bá ọmọ jókòó ṣe ìdánwò. Ọmọ tó bá ń sùn ní lẹ́sìn, owó bàbá rẹ̀ gbé nìyẹn. Ẹni tó lọ sí lẹ́sìn tò bí àwọn yòókù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà tirẹ̀ dé gáréèjì kúrú, ó sì dùn mí pé ó kúrú. Ohun tí mo bi ìyá alákàrà nìyí: bí a bá ṣí fèrèsé sílẹ̀, ta ló máa kọ́kọ́ wọlé? Ṣé ẹni tó kó àjọ ni, àbí ẹni tó ní mọ́tò mẹ́ta nílé? Ìlà yẹn, pẹ̀lú gbogbo wíwọ́ rẹ̀, òun nìkan ni ibi tí ọmọ rẹ̀ ti lè dúró ṣáájú ọmọ olówó.

Kò gbà kíákíá o. Ó ní, "Àwọn JAMB náà ńkọ́?" Mo mọ ohun tó ń sọ. Ní oṣù karùn-ún 2025, àjọ náà jẹ́wọ́ pé àṣìṣe ti ọwọ́ àwọn wá. Ọ̀gá wọn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé, sunkún níwájú àwọn oníròyìn, àwọn ọmọ 379,997, ní Èkó àti ní ilẹ̀ Ìgbò, sì ní láti lọ tún un ṣe. Ìyà ńlá ni. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn mọ̀ pé nǹkan ṣe àwọn, wọ́n pariwo, gbogbo ayé sì gbọ́. Ẹni tí a fi máàkì rírà jà lólè kò lè pariwo, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Ó rò pé òun ni òun kò mọ̀wé tó ni.

Ó dákẹ́, ó ń yí àkàrà inú epo. Nígbà tó yá, ó ní kí n bá òun wá olùkọ́ lẹ́sìn tí kò ní gbówó lórí. Mo ti rí ọ̀kan.

Ẹ̀yin náà, ẹ fi ojú inú wo ọmọbìnrin kan, bóyá ní Ṣakí, bóyá ní Ìgbòho. Ó gba 268, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló fẹ́ kọ́. Àyè tó yẹ kó kàn án ti wà lọ́wọ́ ẹni tí kò tilẹ̀ mọ ìbéèrè tí wọ́n bi í. Bàbá rẹ̀ ní kó gba kádàrá. Máàkì JAMB kì í kọjá ọdún kan, nítorí náà ó ti tún san owó fọ́ọ̀mù. NEPA ti mú iná lọ, ó ń kàwé nídìí fìtílà, ó sì ń bi ara rẹ̀ pé ibo gan-an ni òun ti kùnà.