Èéfín Nìwà

Ní Ìpọ̀nrí, ní Èkó níbí, bí iná ìjọba bá ti lọ lálẹ́, kì í pẹ́ tí okùn jẹnẹrétọ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti ojúlé dé ojúlé. Wọ́n á fà á, kò ní jí; wọ́n á tún un fà, á wúkọ́ díẹ̀, á dákẹ́; nígbà tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, ariwo á ta. Èyí tó kéré jù nínú wọn, tí lítà epo bíi mélòó kan lè gbé di òru, ni gbogbo Èkó ń pè ní “Ai bẹ́tà pás mai nébọ̀”. Mo sàn ju aládùúgbò mi lọ. Iná wà nílé mi, òkùnkùn wà nílé tìẹ. Ọjọ́ pẹ́ tí orúkọ yẹn ti ń wà lẹ́nu wa kó tó wá sọ sí mi lọ́kàn pé a kò lè fi sọ ọmọ ọmọlúàbí.

Mo ní ọ̀kan. Ọdún mẹ́ta ni mo fi gbé e sí ẹ̀yìnkùlé, sàlẹ́ńsà rẹ̀ kọjú sí ògiri, èmi sì gbà pé ògiri kò lẹ́mìí. Lálẹ́ ọjọ́ kan epo tán lójijì, mo mú tọ́ọ̀ṣì jáde, mo sì gbójú sókè. Fèrèsé kan wà lókè ibẹ̀. Ìyálọ́mọ tó ń gbé yàrá náà ti ká ìró, ó fi dí gbogbo àlàfo ara fèrèsé, nínú ooru oṣù kẹta, kí èéfín mi má baà bá ọmọ rẹ̀ lórí ẹní. Etí ìró náà ti dúdú. Obìnrin yìí kan náà ló ń kí mi láràárọ̀, “Bọ̀dá, ẹ káàárọ̀ sà”, kò sì fi ẹnu kan èéfín rí. Ojú tì mí. Mo jókòó sínú òkùnkùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Lọ́jọ́ kejì mo pe wẹ́dà, ó jó páìpù gígùn mọ́ sàlẹ́ńsà, a gbé ẹnu rẹ̀ gba òkè òrùlé. Nígbà tí ìyálọ́mọ rí i, ó kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́. Ìyẹn ló dùn mí jù. Gbèsè ni mo san, ó ń dúpẹ́ bí ẹni gba ẹ̀bùn.

Àwọn àgbà ní èéfín nìwà, kò ṣé é bò mọ́lẹ̀. Èéfín tí ojú ń rí ni wọ́n fi pa òwe yẹn: ó rú jáde lórí òrùlé, gbogbo àdúgbò mọ ilé tó ti wá. Ṣùgbọ́n èyí tó ń yí ojú ọjọ́ padà lónìí, carbon dioxide, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Bó bá jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, apá kan rẹ̀ á wà lófuurufú ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, á máa há ooru mọ́lẹ̀. Ooru yẹn ló ń yọ́ yìnyín, òun ló sì ń mú kí omi òkun fẹ̀ kó sì ga. Èédú tí wọ́n ń sun ní Manchester lọ́dún 1861, tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú, kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀ ní etíkun wa. Àwọn tó sun ún ti kú. Àwọn ọmọ wọn jogún ilé-iṣẹ́, wọ́n jogún ojú irin, wọ́n jogún owó. Ṣé wọ́n lè jogún gbogbo ìyẹn kí wọ́n ní àwọn kò jogún gbèsè?

Ẹ jẹ́ ká gbé e sórí òṣùwọ̀n. Gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà pátá kì í tú ju nǹkan bí 4 nínú 100 carbon dioxide tí ayé ń tú lọ́dọọdún. Amẹ́ríkà nìkan ló tú nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo èyí tí ayé ti tú láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti dé. Ṣáínà ló ń tú jù lọ báyìí. Kò sí ẹni tí kò mọ ìṣirò yìí. Ní Rio de Janeiro lọ́dún 1992, àwọn orílẹ̀-èdè ayé fọwọ́ sí i pé ẹrù àtúnṣe ojú ọjọ́ kan gbogbo wa, àmọ́ kò kàn wá dọ́gba. Ní Copenhagen lọ́dún 2009, àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ ṣèlérí pé bó bá fi máa di 2020, àwọn á máa kó 100 bílíọ̀nù dọ́là jọ lọ́dọọdún fún àwọn tálákà láti fi kojú ìyípadà ojú ọjọ́. 2022 ni owó náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pé, ẹ̀yáwó ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí mo bá jó òrùlé rẹ, tí mo wá yá ọ lówó páànù, tí mo ní kí o máa san án díẹ̀díẹ̀, kí ni ìlú á pè mí? Ní oṣù kìíní ọdún 2025, Ààrẹ Amẹ́ríkà tún fọwọ́ sí i pé kí orílẹ̀-èdè òun jáde nínú àdéhùn Paris lórí ojú ọjọ́, lẹ́ẹ̀kejì. Èmi ò ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún un: àìnítìjú ni.

Èdè wa ti sọ bí ìtìjú ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ojú ló ń tì wá. Ojú á kọ́kọ́ rí, kó tó tì. Mo mọ̀ pé èéfín ń jáde láti ọdún mẹ́ta. Ìmọ̀ yẹn kò ṣe nǹkan kan fún mi. Ọjọ́ tí mo rí ìró tó dúdú létí ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ìtàn àròsọ ní iṣẹ́ kan tí ìṣirò kò lè bá a ṣe.

Suyi Davies Okungbowa gbé ìwé ìtàn àròsọ kékeré kan jáde lọ́dún 2024, Lost Ark Dreaming. Nínú rẹ̀, òkun ti bo Èkó, ilé gogoro kan ṣoṣo ló kù tí ènìyàn ń gbé. Àwọn olówó wà lókè, àwọn mẹ̀kúnnù wà ní àwọn àjà ìsàlẹ̀, lábẹ́ omi. Òṣìṣẹ́ kan tó ń gbé ní àárín ni wọ́n rán sísàlẹ̀ lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi kan ní ọjà Ìpọ̀nrí ni mo ti kà á, lọ́jọ́ tí òjò dè wá mọ́lẹ̀. Ìyá tó ń ta èlùbọ́ lódìkejì ń to búlọ́ọ̀kù, ó ń gbé àpò lé e lórí lọ́kọ̀ọ̀kan, omi gọ́tà ti ń wọlé bọ̀. Mo ń ka ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ bá àwọn ará ìsàlẹ̀, mo ń wo ẹni tó ń gbé ẹrù rẹ̀ gòkè, mo sì rántí tọ́ọ̀ṣì mi. Ẹni tó bá parí ìwé náà kò tún lè wo Eko Atlantic, tí wọ́n fi yanrìn kọ́ síbi tí Bar Beach wà rí, tí ògiri òkúta ràgàjì sì ń ṣọ́, kó má béèrè pé àwọn wo ni ògiri náà kò ká mọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, òkun ya wọ Kúrámọ̀ tó wà nítòsí ibẹ̀, ó gbé ènìyàn lọ.

A kò gbọ́dọ̀ wá sá sábẹ́ ẹ̀bi àwọn òyìnbó. Òfin tí Nàìjíríà ṣe ní 1979 ní kí wọ́n yéé sun gáàsì dànù ní Niger Delta tó bá di 1984. Lọ́dún 2005, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní ìlú Benin dá ẹjọ́ pé sísun náà tako ẹ̀tọ́ àwọn ará Iwherekan ní Niger Delta láti wà láàyè. Iná náà ṣì ń jó. Bàbá tó ń tọrọ owó ìtanràn ní ìta, tó ń fín ọmọ tirẹ̀ léèéfín nínú ilé, ẹnu rẹ̀ kò lè tó ọ̀rọ̀. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí a ń jù sí gọ́tà Ìpọ̀nrí náà kò ti Manchester wá. Síbẹ̀, gbèsè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni: ọ̀rá ló ń dí gọ́tà, kì í ṣe òun ló gbé òkun sókè. Ẹni tó bá fi ọ̀kan pa èkejì rẹ́, yálà òyìnbó ni tàbí ọmọ Èkó, kò sọ òtítọ́.

Ẹ wá wo Àyétòrò, ní etíkun Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. 1947 ni Ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ ẹ́ dó. Owó ìlú jẹ́ ti gbogbo ìlú. Wọ́n jọ ń pẹja, wọ́n jọ ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì ti ní iná mànàmáná tiwọn nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá nílẹ̀ Yorùbá kò tíì ní. Bí ìlú kan bá wà tó ti fi ìwà ọmọlúàbí ṣe òfin ìlú rí, òun ni. Kò sí ibi tí orúkọ “mo sàn ju aládùúgbò mi lọ” ìbá ti ṣe àjèjì tó ibẹ̀. Òkun ń gbé e lọ báyìí. Ó ti gbé ilé, ó ti gbé òpópónà, ó ti gbé itẹ́ òkú. Àwọn ará ìlú ń nàka sí àwọn tó ń wa epo nítòsí wọn náà. Ẹni tó sin bàbá rẹ̀ síbẹ̀ kò mọ ibi tí yóò dúró sí ṣe ìrántí.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ti dé ilé-ẹjọ́. Ní 23 oṣù keje ọdún 2025, Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé ní The Hague sọ pé ojúṣe ni fún gbogbo orílẹ̀-èdè lábẹ́ òfin láti dáàbò bo ojú ọjọ́, àti pé ẹni tó bá kùnà lè ní láti san owó ohun tó bàjẹ́. Ìmọ̀ràn ni ilé-ẹjọ́ gbà wọ́n, kò sí ọlọ́pàá tí yóò bá a kiri. Ọ̀dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin kan ní erékùṣù Pàsífíìkì ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní 2019. Wọ́n ń wo ilé wọn tí omi ń jẹ, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkọ̀wé Yorùbá, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ya fíìmù ní Súrùlérè níbí, iṣẹ́ yín nìyí. Apá kan Àyétòrò ṣì wà lórí ilẹ̀. Àwọn àgbà tó mọ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ṣì ń bẹ níbẹ̀. Ẹ lọ bá wọn jókòó lọ́dún yìí.