Ta Ni Yóò Yẹ Àwọn Obìnrin Wa Wò?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ìbéèrè kan kò tíì tán lẹ́nu wa ní Adó-Àwáyè: ṣé ó tọ́ kí obìnrin tí ara rẹ̀ le koko ṣí ìhòhò fún àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ? Àwọn kan ní àìsàn nìkan ló ń sọ èèwọ̀ di ẹ̀tọ́; ẹni tí ara rẹ̀ dá kò ní àwáwí.

Àwa kò fara mọ́ ọn. Àìsàn yìí a máa lúgọ fún ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá fi máa dà, ó ti pẹ́. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ní 2020, ó mú obìnrin bí 12,000 ní Nàìjíríà, bí 8,000 sì kú.

Wọ́n tún ní obìnrin ni kó yẹ obìnrin wò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹnu kan náà tó ní kí ọmọbìnrin jókòó sílé ló ń bèèrè nọ́ọ̀sì obìnrin! Nígbà ayé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), Rufaydah ń tọ́jú àwọn ọkùnrin tó fara gbọgbẹ́. Ọ̀ranyàn àpapọ̀ ni iṣẹ́ yìí: bí kò bá sí ẹni tó kọ́ ọ, gbogbo wa la jẹ̀bi, àwa olùkọ́ ilé-kéú pẹ̀lú.

Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ti 2021 tilẹ̀ gbà kí obìnrin fọwọ́ ara rẹ̀ mú ohun tí wọn yóò yẹ̀ wò, láìsí ojú ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Kí èyí tó dé ọ̀dọ̀ wa, ọkọ tó ń jowú, kó fún ìyàwó rẹ̀ lówó ọkọ̀ dé UCH n'Ìbàdàn, kó ní kó bèèrè dókítà obìnrin.