Asárétete, Arìngbẹ̀rẹ̀ àti Gbèsè Ojú Ọ̀nà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ènìyàn kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ni ó ń lé e. Fún ìgbà pípẹ́ ni òwe yìí fi tó láti ṣàlàyé gbogbo eré tí àgbàlagbà ń sá ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọdẹ ń lé ẹran. Olè ń sá fún ẹni tí ó ni nǹkan. Ìránṣẹ́ ọba ń sáré kí iṣẹ́ tí a rán an má baà pẹ́, ẹni tí òjò ká mọ́ inú oko sì ń sáré wá abẹ́ ahéré. Bí a bá rí ọkùnrin onírùngbọ̀n tí ó ń sáré láìsí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sí ẹnu ni pé kí ni ó ṣẹlẹ̀ nílé.

Ní òde òní, àgbẹ̀ tí ó bá tètè jí lọ sí oko ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé ní ẹ̀bá Mọ́níyà, tàbí ní ọ̀nà Lálúpọn, tàbí ní ọ̀nà tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Àkànrán, lè pàdé ènìyàn mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá tí wọ́n ń sáré bọ̀, tí òógùn ti bò wọ́n, tí kò sì sí ohun kan tí ó ń lé wọn. Olùkọ́ lè wà nínú wọn, aránṣọ lè wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì lè wà níbẹ̀, àti òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí ikùn rẹ̀ ti ń yọ síwájú. Bàbá àgbẹ̀ á ní, "Ẹ kú eré o. Ṣé kò sí nǹkan o?" Wọ́n á dá a lóhùn pé, "Kò sí o, Bàbá, ìdárayá ni." Bàbá á rẹ́rìn-ín, á sì gbé ọkọ́ rẹ̀ kọ́ èjìká. Ẹ̀rín rẹ̀ kò burú. Ẹni tí ó ti fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn dé oko, tí yóò sì kọ ebè títí oòrùn yóò fi kan àtàrí, kò nílò ẹni tí yóò kọ́ ọ ní ìdárayá. Kí a má tan ara wa jẹ: àwọn tí iṣẹ́ mú jókòó sórí àga ni eré yìí wà fún.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn asáré yìí tí ó gba àròjinlẹ̀. Olúkúlùkù wọn ni ó lè dá eré tirẹ̀ sá. Kò sí ẹni tí ó lè bá ẹnì kejì sá lára eré rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ ẹrù fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹsẹ̀ oníkálukú ni yóò gbé e, èémí oníkálukú ni yóò mí. Síbẹ̀ wọ́n ń dúró de ara wọn ní ìdájí, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn ara wọn, wọ́n sì ń jáde pọ̀. Bí wọ́n bá ti wá sáré dé ìwọ̀n ibùsọ̀ kan, ẹgbẹ́ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fà gùn. Àwọn alágbára á wà níwájú, àwọn tí ara wọn kò yá tó bẹ́ẹ̀ á wà láàárín, ẹnì kan á sì wà lẹ́yìn pátápátá tí yóò máa wo ẹ̀yìn àwọn tó kù títí wọn yóò fi yà ní kọ̀rọ̀. Ibí yìí ni ìbéèrè wà. Ǹjẹ́ ẹni tí ó yára jẹ ẹni tí ó ń lọ́ra ní gbèsè kankan? Bí ó bá dúró dè é, ṣé ojúṣe ni ó ṣe ni, àbí àánú? Bí ó bá sì bá tirẹ̀ lọ, ṣé ó ṣẹ̀ ẹ́?

Ọmọ Yorùbá tí ó bá gbọ́ ìbéèrè yìí yóò kọ́kọ́ wo ọ̀dọ̀ àáró, nítorí pé àáró ni ẹgbẹ́ àjùmọ̀làágùn tí a mọ̀ jù. Àwọn àgbẹ̀ Akínyẹlé àti ti Lágelú mọ àáró dáadáa. Ọ̀rẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún á parapọ̀, wọn á ṣiṣẹ́ ní oko ẹnì kìíní lónìí, ní ti ẹnì kejì lọ́la, títí yóò fi yí ká. Iye ọjọ́ dọ́gba, ìwọ̀n iṣẹ́ sì dọ́gba. Ẹni tí wọ́n bá bá kọ igba ebè mọ̀ pé òun jẹ igba ebè. Ó dára, ó gún régé, ó sì ti gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ oko lọ́wọ́ igbó. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú àáró tí a kì í sábà sọ jáde: kì í gba aláìlera. Àwọn ẹgbẹ́ tí agbára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ni wọ́n máa ń bá ara wọn ṣe é. Ẹni tí apá rẹ̀ kò ká ju ọgọ́rùn-ún ebè lọ lóòjọ́ kò lè bá ẹni tí ó ń kọ igba dá àáró, nítorí òṣùwọ̀n kò ní í dọ́gba láéláé, ìjà ni yóò sì gbẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ asáré bá jẹ́ àáró, ọ̀rọ̀ ti parí: ẹni tí ó ń lọ́ra kò ní nǹkan kan tí yóò fi san án padà, asárétete kò sì gbọdọ̀ dúró dè é.

Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn, bóyá ilé ni ó fẹ́ kọ́, bóyá oko àna rẹ̀ ni ó fẹ́ ro, yóò ké sí ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀. Wọn á wá, wọn á ṣe é, òun náà á sì se oúnjẹ fún wọn. Kò sí ẹni tí ń ka ebè níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọdé tí kò lè ṣe ju kí ó máa pọn omi lọ pẹ̀lú yóò jókòó ti àwo iyán. Ẹgbẹ́ asáré sún mọ́ èyí ju àáró lọ, nítorí gbogbo ẹni tí ó bá wá ni wọ́n ń gbà. Àmọ́ nínú ọ̀wẹ̀, ẹnì kan ni ó ni iṣẹ́. Ta ni ó ni iṣẹ́ nínú eré òwúrọ̀? Kò sí ilé tí wọ́n ń kọ́, kò sí oko tí yóò mọ́. Gbogbo wọn ni olóko, gbogbo wọn sì ni alágbàṣe. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ gbèsè fi ṣòro níbẹ̀, nítorí náà ni ó sì fi yẹ kí a rò ó wò, nítorí ibi tí kò ti sí èrè tí a óò pín ni a ti ń mọ ohun tí ó so ènìyàn pọ̀ ní tòótọ́.

Àwọn kan yóò fa òwe yọ: arìngbẹ̀rẹ̀ ni yóò mú oyè jẹ, asárétete kò ní í róyè jẹ. Wọ́n á fi òwe yìí dá asárétete lẹ́bi. Wọ́n ṣì í lò. Ìkánjú nínú ìwà ni òwe náà ń bá wí, kì í ṣe agbára ẹsẹ̀. Ẹni tí Olódùmarè fún ní ẹsẹ̀ yíyára kò dẹ́ṣẹ̀ nípa lílò ó. Bí ó bá ń múra sílẹ̀ fún eré ìje gidi, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Okpekpe ní ọdún 2013 tàbí ní Èkó ní ọdún 2016, tí a sì ní kí ó máa rọra sá ní gbogbo òwúrọ̀ nítorí ẹlòmíràn, ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ ni a ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kí ó sá eré tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó sọ ọ́ kí wọ́n tó jáde nílé. Ẹni tí ó sọ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní àárọ̀ pé, "Òní, èmi nìkan ni n óò sá o," kò fi ẹnì kankan sílẹ̀. Ẹni tí ó ní kí wọ́n jọ lọ, tí ó wá yí ọkàn padà nígbà tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń mí hẹlẹ, ni ó fi ènìyàn sílẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì kò sí nínú ẹsẹ̀. Inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ara wọn sọ ni ó wà.

Ọgbọ́n kan wà tí àwọn kan dá sí ọ̀rọ̀ yìí ní ilẹ̀ òkèèrè. Ní ọdún 1938, ní Kuala Lumpur ní ilẹ̀ Malaya, àwọn òyìnbó kan tí iṣẹ́ gbé dé ibẹ̀, tí Albert Gispert wà lára wọn, dá ẹgbẹ́ asáré kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Hash House Harriers. Ẹgbẹ́ náà ti tàn dé ọ̀pọ̀ ìlú láyé, ó sì dé Nàìjíríà. Ẹnì kan nínú wọn á ṣíwájú lọ fi àmì sí ojú ọ̀nà, bébà tàbí ìyẹ̀fun. Bí ó bá dé ibì kan, á jẹ́ kí àmì náà dáwọ́ dúró, tàbí kí ó darí sí ibi tí kò já sí. Àwọn tí ó yára ni yóò kọ́kọ́ débẹ̀. Àwọn ni yóò máa sá lọ sọ́tùn-ún sósì wá ọ̀nà, tí wọ́n á ṣìnà, tí wọ́n á padà. Kí wọ́n tó rí i, àwọn ará ẹ̀yìn á ti dé. Ẹwà ètò yìí ni pé kò sí ẹni tí ó dúró de ẹnì kankan, síbẹ̀ gbogbo wọn jọ dé. Alágbára lo agbára rẹ̀ tán, ó sì fi ṣe amọ̀nà fún àwọn tó kù. Aláìlera kò di alágbe. Bí àánú bá pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́, ojú á máa ti ẹni tí a ń ṣàánú rẹ̀, kò sì ní í pẹ́ tí yóò fi dúró sílé.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì tí ó yẹ kí a mẹ́nu bà ni eré ìje kan ní Gúúsù Áfíríkà tí orúkọ rẹ̀ gan-an túmọ̀ sí àwọn alábàárìn ojú ogun, èyíinì ni Comrades. Vic Clapham, ọmọ ogun tí ó ti rin ìrìn àjò oró ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà nígbà ogun àgbáyé kìíní, ni ó dá a sílẹ̀ ní ìrántí àwọn tí wọ́n jọ jìyà. (Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà náà jà nínú ogun Ìlà Oòrùn Áfíríkà yẹn.) Ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún 1921, ọkùnrin 34 gbéra ní Pietermaritzburg wọ́n forí lé Durban, ìrìn tí ó tó nǹkan bí 90 kìlómítà, 16 péré ni wọ́n dé. Lónìí, àwọn asáré ibẹ̀ máa ń kó ara wọn jọ sẹ́yìn ẹni tí ó mọ ìwọ̀n eré, wọ́n ń pe irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní bọ́ọ̀sì. Wọ́n ti rí àwọn asáré tí wọ́n fi àkókò tiwọn sílẹ̀ láti gbé ẹni tí ó ṣubú dé ojú ìlà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òdì kejì rẹ̀ pẹ̀lú. Eré tí ó ń jẹ́ orúkọ alábàárìn yìí kò gba ènìyàn dúdú, kò sì gba obìnrin wọlé lábẹ́ òfin rẹ̀ títí di ọdún 1975. Robert Mtshali, ènìyàn dúdú, sá a parí ní ọdún 1935, wọn kò sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn tí ó sá a. Ọdún 1989 ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́, Sam Tshabalala, gba ipò kìíní. Ìfẹ́ tí ó wà láàárín àwọn tí ó wà nínú ọgbà lè jẹ́ òtítọ́, kí ọgbà náà sì jẹ́ ìwà ìkà. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ èyíkéyìí tí ó bá ń yin ara rẹ̀ pé àwọn fẹ́ràn ara àwọn bojú wo ẹ̀yìn ọgbà wò.

Ní ẹ̀bá Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ fífi ẹnì kan sílẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà nìkan. Ọ̀nà tí ó gba Ẹ̀gbẹ́dá lọ sí Ifẹ̀ kún fún ọkọ̀ àjàgbé. Nígbà ọyẹ́, kùrukùru lè bo ojú ọ̀nà tí awakọ̀ kò fi ní í rí ẹni tí ó wà létí títì. Ẹni tí àyà dùn lójijì, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ ní ọ̀nà oko tí kò sí ilé nítòsí, lè wà níbẹ̀ pẹ́ títí kí ẹnikẹ́ni tó kọjá. Ká rìn ká pọ̀, yíyẹ ní í yẹni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe yíyẹ nìkan, ẹ̀mí wà níbẹ̀. Àwọn ará Àkànrán kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Nígbà ìjà Àgbẹ́kọ̀yà, àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n kọ owó orí ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Àgodi ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1969, wọ́n sì tú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí a ti mọ́lé sílẹ̀. Ohun tí òfin ní í sọ sí ìyẹn wà lọ́tọ̀. Ohun tí ó kan ọ̀rọ̀ yìí ni pé wọn kò fi àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sílẹ̀.

Arìngbẹ̀rẹ̀ náà kò wà láìní ojúṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu kì í gbà láti sọ èyí fún un. Kí ó sọ òtítọ́ nípa ara rẹ̀. Bí ó bá ti rẹ̀ ẹ́, kí ó wí. Kí ó má fi ìgbéraga gbé ara rẹ̀ dé ibi tí wọn yóò ti ní láti gbé e. Kí ó wá ní àkókò, nítorí ẹni tí a óò dúró dè lójú ọ̀nà kò yẹ kí a tún dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Bí àwọn ará iwájú bá sì padà wá mú un, kí ó má tọrọ àforíjì títí tí ọ̀rọ̀ náà yóò fi sú gbogbo wọn.

Ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Òwe yìí le fún ẹgbẹ́ asáré ju fún ẹgbẹ́ mìíràn lọ, nítorí ẹsẹ̀ tètè ń darúgbó. Asárétete ọdún yìí ni arìngbẹ̀rẹ̀ ọdún mẹ́wàá òní. Iṣẹ́ á gbé ẹnì kan lọ sí Èkó, aya á bímọ, orúnkún á bẹ̀rẹ̀ sí í dun ẹlòmíràn. Sátidé kan á kọjá, ẹnì kan kò wá. Ìkejì á kọjá. Àwọn yòókù á sọ pé bóyá ó rìnrìn àjò ni, wọ́n á sì bá eré wọn lọ. Ní Sátidé kẹta ni ẹnì kan nínú wọn yóò béèrè ohun tí ó yẹ kí wọ́n ti béèrè tipẹ́: ta ni ó mọ ilé rẹ̀? Nínú ẹgbẹ́ mìíràn, kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ ni gbogbo wọn mọ̀, àti bí ó ti máa ń mí bí ó bá ń gun òkè. Nínú ẹgbẹ́ mìíràn, ẹni méjì á yà kúrò lójú ọ̀nà tí wọ́n ń sá, wọ́n á gba ẹ̀yìn ọjà lọ, wọ́n á sì kan ilẹ̀kùn pẹ̀lú òógùn lára wọn, "Ẹ kú àárọ̀ nílé o, ẹ̀yin ará ilé. Ara ha le bí?"