Orí Amọ̀, Ṣásí Irin

Ọ̀nà láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́ kò gùn títí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbòòrò. Tí èèyàn bá ti fi Òdógúnyán àti àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ibẹ̀ sílẹ̀, ó di Ìmọ̀tà, ó di ìyànà Agbówà, ó di Ìtóìkín, níbi tí ẹni tó ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde àti ẹni tó ń lọ sí Ẹ̀pẹ́ ti ń pínyà. Orí ọ̀dà nìyẹn. Ẹni tó bá yà kúrò lórí ọ̀dà, ìbáà ṣe sápá ọ̀sà tàbí sápá oko, ilẹ̀ pupa ni táyà rẹ̀ máa bọ́ sí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, eruku ni ilẹ̀ náà. Tí òjò oṣù Òkúdù bá ti fi ọ̀sẹ̀ méjì rọ̀ sí i, ọbẹ̀ ni.

Inú ọbẹ̀ yẹn ni jíìpù àgbà ti ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Land Cruiser tí wọ́n ṣe ṣáájú 1990, Pajero, Nissan Patrol, Land Rover tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti yí padà lẹ́ẹ̀mẹrin: àwọn ló ń kó ẹ̀gẹ́ jáde lóko, àwọn ló ń gbé símẹ́ǹtì wọlé fún ẹni tó ń kọ́lé síbi tí ìjọba kò tíì la ọ̀nà dé. Ọkọ̀ kékeré á ti gúnlẹ̀ sétí títì, á máa wò wọ́n.

Àwọn tó ni wọ́n kì í pẹ́ ráhùn. Gbogbo ohun tí ọkọ̀ bá pa wọlé, mẹkáníìkì ló ń gbà á. Oṣù yìí rédíétọ̀, oṣù tó ń bọ̀ bẹ́ríìnì, èyí tó tẹ̀ lé e wẹ́dà. Tí ọ̀rọ̀ bá sì ti sú wọn, gbólóhùn kan wà tó máa ń jáde lẹ́nu wọn: orí ọkọ̀ yìí ni kò dáa. Wọ́n á sọ ọ́ bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan, wọ́n á sì tún na ọwọ́ mú sípánà. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ńlá ni wọ́n sọ yẹn. Ohun tí Yorùbá gbà gbọ́ nípa ọmọ ènìyàn wà nínú rẹ̀, ó sì tó ohun tí èèyàn ń jókòó rò: ẹni tí gbogbo èrè rẹ̀ ń bá àtúnṣe lọ, ṣé orí burúkú ló yàn ni?

Ọmọ Ìkòròdú kan ti ro ó títí dójú ìwé. Wọ́n bí Bọ́lájí Ìdòwú níbẹ̀ ní 1913. Ó kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì di olórí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Nàìjíríà. Ìwé tó kọ lórí Olódùmarè jáde ní 1962. Nínú rẹ̀ ló ti to ọ̀nà tí ènìyàn gbà ń ní ìpín sí mẹ́ta: àkúnlẹ̀yàn, èyí tí èèyàn kúnlẹ̀ yàn fúnra rẹ̀, àkúnlẹ̀gbà, èyí tí wọ́n gbé fún un lórí ìkúnlẹ̀, àti àyànmọ́, èyí tí wọ́n yàn mọ́ ọn. Ẹni tó bá ra ọkọ̀ àgbà mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìka ìwé. Òun ló yan Patrol dípò Pajero. Ọwọ́ ẹni tó kọ́kọ́ lò ó ló ti gba gbogbo àṣìlò tó ti kọjá lórí rẹ̀. Ibi tí irin rẹ̀ nípọn sí àti ibi tó fẹ́lẹ́ sí, láti ilé iṣẹ́ ló ti bá a wá.

Ìtàn tó tan ìmọ́lẹ̀ sí i jù wà nínú Odù Ogbègúndá, lára ohun tí Wándé Abímbọ́lá, onímọ̀ Ifá, gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn babaláwo. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń ti ọ̀run bọ̀ wá sáyé: Oríṣẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ilé Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí, kí kálukú mú tirẹ̀. Afùwàpẹ́ yà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ lọ́nà. Àwọn méjì tó kù kò yà. Wọn kò bá Àjàlá nílé, ni wọ́n bá wọ ibi tó kó orí sí. Oríṣẹ̀ẹ́kú gbé èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ, tí iná kò tíì kàn. Orílèémèrè gbé ọ̀kan tó tóbi, kò mọ̀ pé ó ti sán. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dáyé ni òjò dé. Òjò pa wọ́n títí, etí orí wọn ń yọ́, ó ń já bọ́, títí orí fi rí pẹlẹbẹ. Wọ́n dáyé, wọ́n ṣiṣẹ́ ṣiṣẹ́, àtúnṣe orí wọn ló ń gbé gbogbo èrè lọ.

Kò sí àjẹ́ nínú ìtàn yìí, kò sí ọ̀tá, kò sí ẹni tó gégùn-ún. Amọ̀ ni, iná kò kàn án, òjò sì rọ̀. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ irin á sì tún rí ohun kan tó ń dunni níbẹ̀: ọmọ Ògún ló gbé orí tútù. Ògún tó jẹ́ pé òun ló ni ẹwìrì, òun ló mọ ohun tí iná ń sọ ohun tútù dà, bàbá rẹ̀ ni. Ọmọ kò yà bi í.

Ẹ wá gbé ìtàn náà dé ọjà tọ́kùńbọ̀. Ọ̀pọ̀ jíìpù tó ń gba èbúté Èkó wọlé ló ti lo ọdún púpọ̀ ní Amẹ́ríkà, ní Kánádà tàbí ní Jámánì, níbi tí yìnyín ti ń bọ́ bí òwú nígbà òtútù. Láwọn ilẹ̀ wọ̀nyẹn, iyọ̀ ni wọ́n máa ń dà sójú títì kí yìnyín má bàa dì mọ́ ọn, nítorí omi iyọ̀ kì í dì níbi tí omi lásán ti ń dì. Táyà á máa ta omi iyọ̀ náà sábẹ́ ọkọ̀, oṣù dé oṣù. Irin tó ní omi lára á dípẹtà. Èyí tó ní omi iyọ̀ lára á yára ju bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá nínú ihò ṣásí tí ọwọ́ kò dé, tí kànìnkànìn kò dé. Kó tó dé Nàìjíríà, wọ́n ti lè fi ọ̀dà dúdú kun abẹ́ rẹ̀. Òkè ń dán, abẹ́ dúdú mìnìjọ̀, ẹni tó fẹ́ rà á kò sì rí yìnyín rí láyé rẹ̀. Inú àká Àjàlá ló wà yẹn.

Nítorí náà ni mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́ ṣe máa ń dùbúlẹ̀ sínú eruku kó tó dá olówó lóhùn. Á mú òòlù kékeré, á máa fi kan ṣásí láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irin tó yè á dún ketekete. Èyí tó ti jẹrà nínú, ohùn rẹ̀ á kú, ìgbà míì òòlù á wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni Àjàlá ṣe fún Afùwàpẹ́, tó fi ọ̀pá irin dán orí wò títí ó fi kan èyí tí kò fọ́. Àmọ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́ ni Afùwàpẹ́ fi rí ojúrere yẹn. Nígbà tó yà sílé bàbá, wọ́n rúbọ fún un, wọ́n sì di iyọ̀ àti owó ẹyọ fún un. Ó bá oníbodè kan tó ń fi eérú se ọbẹ̀, ó fi iyọ̀ kọ́ ọ bí ọbẹ̀ ṣe ń dùn, oníbodè sì ràn án lọ́wọ́. Ó bá Àjàlá níbi tó sá gun àjà nítorí gbèsè, ó san gbèsè náà. Òjò kan náà pa òun náà lọ́nà ayé. Orí rẹ̀ kò yọ́.

Ṣẹ́gun Gbàdégẹṣin, onímọ̀ èrò ìjìnlẹ̀, ti gbé ìbéèrè kan síwájú nínú ìwé tó kọ ní 1991, kò sì ṣeé fò dá: ẹni tó mú nǹkan láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ṣé a lè sọ pé ó yàn án? Ìbéèrè náà wúwo gan-an ní Ìkòròdú. Ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ tó ra ọkọ̀, tí kò ṣẹ́kù tí yóò fi gbé mẹkáníìkì dání lọ wò ó, kì í ṣe òmùgọ̀, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Gbogbo èèyàn kọ́ ló ní Ọ̀rúnmìlà ní bàbá. Tí jíìpù bá wá já a kulẹ̀ lọ́nà Ẹ̀jìnrìn lóru, tí wọ́n ní àfọwọ́fà rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ìkà ni.

Ṣùgbọ́n apá ìparí ìtàn náà ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í gbọ́. Wọ́n ní olórí burúkú ni ẹni tó ń fi èrè iṣẹ́ rẹ̀ tún orí tó ti bàjẹ́ ṣe, wọ́n wá sọ àtúnṣe gan-an di àmì ìpín burúkú. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn kò ti bá ohun tó wà nílẹ̀ mu. Amọ̀ ni gbogbo orí, ti Afùwàpẹ́ náà. Òjò kò yọ ẹnì kankan sílẹ̀. Ifá kan náà tó sọ̀rọ̀ orí ló sì sọ pé bí orí bá pète títí, láìsí ẹsẹ̀ kò dé ibì kankan. Ẹsẹ̀ ni ìgbìyànjú, ẹsẹ̀ ni ìrìn, ẹsẹ̀ ni àìsinmi. Àwọn mẹkáníìkì náà ń pe sípíríǹgì, ṣọ́ọ̀kì àti gbogbo ohun tó so táyà mọ́ ṣásí ní ẹsẹ̀ ọkọ̀. Wọ́n á ní, “Ẹsẹ̀ ló ń dùn.”

Ohun tí ẹrẹ̀ ń béèrè lọ́wọ́ ẹsẹ̀ mẹ́rin kò ṣòro láti yé. Ọ̀pá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà nínú jíìpù àgbà. Òun ló ń sọ bóyá táyà ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìnnì máa yí, tàbí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tàbí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú agbára tó pọ̀ tí eré rẹ̀ kò pọ̀. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, awakọ̀ tún gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kó fi ọwọ́ yí họ́ọ̀bù táyà iwájú méjèèjì kí agbára tó lè dé ibẹ̀. Kí ọkọ̀ tó wọ ẹrẹ̀ ló yẹ kó ṣe é. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí táyà ti rì, á kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ kó tó lè yan ohun tó yẹ kó ti yàn lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Tó bá tún padà sórí ọ̀dà, kó tètè dá ọ̀pá náà padà: táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn kì í rin ìwọ̀n kan náà ní kọ́nà, ọ̀dà kò sì gbà kí táyà yọ̀ bí ẹrẹ̀ ṣe ń gbà. Ohun tí kò bá yọ̀ á lọ́ ara rẹ̀ nínú gíà, títí nǹkan á fi já.

Èyí tó farasin jù ni èémí. Ihò kékeré kan wà lókè dífù, ilé gíà tó wà láàárín táyà méjì, òun ni irin náà fi ń mí. Tí dífù bá ti gbóná lọ́nà, tó wá bọ́ sínú àbàtà tútù lójijì, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á súnkì. Bí ihò náà bá là, afẹ́fẹ́ á gbà á wọlé. Bí ẹrẹ̀ bá ti dí i, ẹnu síìlì ni dífù máa gbà fa omi mu. Awakọ̀ kò ní mọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Epo tó ti bá omi pò á máa jẹ eyín gíà díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn oṣù mélòó kan á máa hu, wọ́n á sì ní orí ọkọ̀ náà ni. Kì í ṣe orí. Imú ló dí.

Àwọn kan á béèrè pé, ti àdúrà wá ńkọ́? Ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, wọ́n ń ta òróró sí ọkọ̀ tuntun ní ṣọ́ọ̀ṣì, àfáà ń ṣe àdúà lé e, àwọn mìíràn sì ń bọ Ògún, olórí àwọn awakọ̀ àti alágbẹ̀dẹ. Kò sí ìdí láti bá èyíkéyìí jà. Wọlé Ṣóyínká, tó ti pẹ́ tó ti ń sọ pé Ògún ni òrìṣà òun, lòun náà di alága àkọ́kọ́ fún Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó nígbà tí ìjọba dá a sílẹ̀ ní 1988. Ìbọ Ògún kò ní kó má béèrè bíréèkì lọ́wọ́ awakọ̀. Ẹbọ Afùwàpẹ́ náà kò tán lójúbọ. Ó dì í dání, ó bá a rìn, ó sì di iyọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò ní iyọ̀ àti owó lọ́wọ́ ẹni tó jẹ gbèsè. Owó tí èèyàn san fún mẹkáníìkì kó lè dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ kó tó rà á jọ ẹbọ yẹn gan-an.

Ní oṣù kẹjọ, tí Yorùbá ń pè ní oṣù Ògún, òjò máa ń dá díẹ̀ kó tó tún bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀wẹ́wẹ̀. Àkókò yẹn ni àwọn jíìpù oko máa ń tò sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Ọmọ iṣẹ́ á gbé agolo sábẹ́ dífù, á tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀. Gbogbo wọn á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ohun tó ń jáde. Tó bá dúdú, epo ni, ó kàn ti gbó. Tó bá funfun bí ògì, omi ti wọlé. Wọ́n á fọ inú rẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ síìlì, ọmọ iṣẹ́ á sì fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gún ihò kékeré òkè yẹn títí ẹrẹ̀ Òkúdù á fi jáde nínú rẹ̀.